Ìyáálé Aláriwo

Ohun tí Mákánjú kọ́kọ́ rí lára Sewanu ni àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà dúró ṣinṣin nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ọsàn tó gùn dé orúnkún, ìrì òwúrọ̀ ń dán lórí irun rẹ̀ tó dì ní ṣùkú, ó sì na àjẹ̀ náà sí Mákánjú bí ẹni pé òun ni olè tí wọ́n ti ń wá láti àná.

"Ìwọ ọkùnrin yìí! Ta ló ní kí o wá yìnbọn síbí?"

"Ìbọn kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́. Kámẹ́rà ni."

"Kámẹ́rà tó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta! Wòkè! Wòkè dáadáa! Ẹyẹ mélòó lo rí?"

Mákánjú wòkè. Kò rí ẹyọ kan.

Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan ṣáájú ìgbà yẹn, ẹyẹ apẹja tó lé ní ogún ló wà níbẹ̀, àwọn dúdú-funfun tí ẹnu wọn gùn bí abẹ́rẹ́ àránpò, tí wọ́n máa ń dúró lójú kan lókè omi, tí wọ́n ń ju ìyẹ́, kí wọ́n tó já ṣòòrò lu ẹja. Inú bèbè yanrìn létí ọ̀sà, lẹ́yìn abúlé Kankon, ni wọ́n gbẹ́ ihò ìtẹ́ wọn sí. Mákánjú ti kúrò nínú yàrá rẹ̀ ní Aradagun kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti fi àyà fà lórí yanrìn tútù títí ó fi sún mọ́ wọn, ó wá tẹ kámẹ́rà: krà-krà-krà-krà! Irú kámẹ́rà àtijọ́ bẹ́ẹ̀, dígí kan wà nínú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fò sókè kí àwòrán tó wọlé, kó sì tún já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó o bá ya mẹ́wàá léra, bí ẹni tó ń gbá èèyàn létí ni. Gbogbo ẹyẹ gbéra, wọ́n lọ.

"Àwọn ìyá wọn wà lórí ẹyin!" Ohùn Sewanu ti ń gbọ̀n. "Ìyá mi ló sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan bèbè yìí. Ó ti kú, èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń wa yanrìn wá, mo lé wọn. Ìwọ náà wá dé, tìwọ ti ìranù tó kọ́ ọ lọ́rùn!"

"Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni. Mákánjú lorúkọ mi. Mò ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́nà Ìjànìkin."

"Mákánjú! Wọ́n sọ ẹ́ ní Mákánjú, o wá ń kánjú báyìí? Gbọ́ o: má padà síbí àfi tó o bá rí èyí tí kì í pariwo. Tó o bá tún gbé èyí wá, inú ọ̀sà ni yóò sùn."

Ó yí ọkọ̀ padà, ó wà á lọ. Ẹni tí wọ́n bú báyẹn, ṣé kò yẹ kójú tì í? Ọkùnrin yìí dúró síbẹ̀, yanrìn kún ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí nǹkan bí? Kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ obìnrin náà.

Nígbà tó di Sátidé kejì, ó padà lọ láìgbé kámẹ́rà. Awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn àti àpò kan ló gbé dání. Sewanu yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó ní kó ṣí àpò rẹ̀, ó wo inú àpò, kò rí nǹkan kan ju búrẹ́dì àti ẹ̀pà lọ. Ó bu nínú ẹ̀pà náà, ó jókòó tì í. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Tísà ni Sewanu ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wọn. Èdè Gùn ló fi mu ọmú, Yorùbá rẹ̀ sì dùn létí Mákánjú tó jẹ́ ará Èkìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fi Èkìtì tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Aráòkè, ṣé ẹja wà lórí àpáta yín?"

"Ọmọbìnrin rere ni kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ̀ kalẹ̀."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Ẹyẹ ń wò ẹ́."

Láàárín oṣù méjì, Mákánjú ti mọ ẹyẹ tó ń fún aya rẹ̀ lẹ́ja àti èyí tó ń jí tẹlòmíràn jẹ. Ó ti mọ Sagbo náà, bàbá Sewanu, apẹja tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ kan, Mákánjú dé bá bàbá náà tó ń fa okùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ tí kò fẹ́ jí. Bàbá fà á títí, ó wá rọra fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì náà lórí. "Asì ṣie, jọ̀ọ́, má dójú tì mí lójú àlejò."

Sewanu bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ló pè é yẹn lédè wa. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹ́ńjìnnì nìyàwó ẹ̀."

"Ìyàwó tó ń mu epo," ni Sagbo wí. Ẹ́ńjìnnì náà jí, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀sà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, mo bẹ̀ yín.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ní ilé náà ló ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Suwebat wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n Sagbo obìnrin. Oníṣẹ́ ìjọba kan láti òkè ló fẹ́ ẹ nígbà kan, ó ní àpọ́n lòun. Ọdún kejì, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò ní Aradagun pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti àpótí kan. Suwebat rò pé àlejò ni, ó bu omi tútù fún wọn. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ìgbà tí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà sáré dì mọ́ ọkùnrin yẹn lẹ́sẹ̀, tó ń pe "Dádì", ni ayé rẹ̀ dojú dé. Inú ń bí mi sí ọkùnrin yẹn títí dòní, mi ò sì tíì dárí jì í. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Látìgbà náà, ará òkè kankan ò dáa lójú Suwebat.

Mákánjú mọ ìtàn yìí. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí i, nítorí ó yẹ kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun àti Babátúnjí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta kámẹ́rà, tó sì ń tún un ṣe lẹ́bàá títì Ìjànìkin, ní àṣà pálapàla kan: kámẹ́rà àkọ́rà ni wọ́n ń pè ní ìyáálé, èyí tí wọ́n bá rà tẹ̀ lé e ni ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí Mákánjú ti ń tọ́jú owó kámẹ́rà kejì, irú tuntun tí kò ní dígí nínú, kó lè ya àwọn ẹyẹ Sewanu láìdún rárá. Kò sọ fún un. Ó fẹ́ gbé e dé bèbè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, kí ẹyẹ má mira.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kan, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí Wasáàpù, ó fi ránṣẹ́ sí Babátúnjí. Ohun tó rò pé òun ṣe nìyẹn. Orí orúkọ Sewanu ni ìka rẹ̀ tẹ̀.

Sewanu ń bá Suwebat yan ẹja lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún òróró ẹja, Suwebat ló bá a tẹ̀ ẹ́. Ohùn Mákánjú jáde ketekete, Sagbo tó ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì gbọ́:

"Babátúnjí, gbà mí o. Ìyáálé yìí ti sú mi. Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù, gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn ló ń lé sá. Ó tún wúwo, èjìká ti ń ro mí. Bá mi wá ìyàwó kékeré kan, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́nu ẹ̀ pa rọ́rọ́. Mi ò ní lé ìyáálé lọ o, àwọn méjèèjì ló máa jọ bá mi gbé. Àwọn nǹkan ìyáálé ni kí ìyàwó náà sì máa lò, mi ò lówó tuntun. Má jẹ́ kí Sewanu gbọ́ o, ọ̀rẹ́, mo fẹ́ kó bá a lójijì ni."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ò fọ́ lásán, orí àpáta ló já sí.

"Àlòkù!" Suwebat ti dìde. "Ó ní ìyáálé nílé, ó tún ń wá ẹni tí yóò máa lo àlòkù rẹ̀! Ó tún ní obìnrin náà wúwo! Obìnrin tó ti bímọ fún un ló ń sọ pé ó wúwo!"

Sewanu jókòó ti ẹja, ó ń wo èéfín. Ẹja jóná.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Mákánjú. Ó dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹ̀pà rẹ̀, ó ń fì bí ẹni ń lọ síbi ayẹyẹ. Sagbo ò kí i ní "Mì kuabọ" tó máa ń fi kí i káàbọ̀. Ó kàn fọwọ́ sí fóònù, wọ́n tún tẹ ohùn náà.

Kí ni ẹ rò pé ọmọ yìí ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú! Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

"Ó ń rẹ́rìn-ín!" Sagbo kọ àwọ̀n sílẹ̀. "Nínú ilé mi!"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kámẹ́rà ni. Kámẹ́rà mi ni mò ń pè ní ìyáálé."

"Kámẹ́rà!" ni Suwebat figbe ta. "Ọkọ tèmi náà ní ẹ̀gbọ́n òun ni!"

"Ó dáa," ni Sagbo wí. "Ìyàwó kékeré tó o fẹ́ mú wá, níbo ló wà?"

"Mi ò tíì rà á, Bàbá."

"Kò tíì rà á! Ẹ gbọ́ o! Obìnrin ló ń rà!"

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Mákánjú. Ó yíjú sí Sewanu. Ojú obìnrin náà ti pọ́n, kò sì sùn mọ́jú.

"Kí ló dé tó o ní kí n má gbọ́?"

"Mo fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu ni."

"Ó ti yà mí lẹ́nu."

"Sewanu, ọjọ́ wo ni mo purọ́ fún ẹ rí?"

Kò dáhùn. Mákánjú gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí ẹ́ńjìnnì bàbá náà tí wọ́n fi tapólì bò, tí wọ́n gbé ti ògiri bí àgbàlagbà tó ń sùn. Ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́nà ọ̀fun. Gbólóhùn kan péré ni, ì bá sì pa gbogbo ẹjọ́ náà rẹ́. Ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Sagbo, ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó lọ. Búrẹ́dì rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ òun náà, mo gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá a kí wọ́n tó gbọ́ ọ! Inú bí Mákánjú débi pé ẹsẹ̀ ló fi rìn dé títì. Ìbínú náà ló gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Babátúnjí lọ́jọ́ Ẹtì.

Babátúnjí gbé méjì kalẹ̀ fún un. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán, àwòrán rẹ̀ mọ́ débi pé o lè ka ìyẹ́ ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì kéré, ìgun rẹ̀ kan ti bó díẹ̀.

"Mú ńlá," ni Babátúnjí wí. "Àwọn ògbólógbòó lèyí wà fún."

"Dúró ná." Mákánjú di ojú rẹ̀ méjèèjì. "Tẹ̀ ẹ́ létí mi."

"Wọ́n máa ń fi ojú ra kámẹ́rà ni, ọ̀gbẹ́ni."

"Tẹ̀ ẹ́, mo ní."

Babátúnjí tẹ ńlá. Kò pariwo bíi ti àtijọ́, àmọ́ ó dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Nígbà tí wọ́n sì pa ohùn rẹ̀ pátá, ẹyẹ tó bá ń fò máa ń wọ́ nínú àwòrán rẹ̀, ìyẹ́ á tẹ̀ bí ọ̀bẹ tí iná ràn. Ó wá kan kékeré. Mákánjú ń retí ohùn, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti ya ogún."

Mákánjú la ojú. Ogún àwòrán wà níbẹ̀, alùpùpù tó ń kọjá ní títì, kò sí èyí tó wọ́. Babátúnjí fi irin kékeré kan so lẹ́ńsì gígùn kámẹ́rà àtijọ́ tí Mákánjú gbé wá mọ́ ọn, ó gbà á bí ẹni pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. "Àléébù kan ló ní," ló wí. "Bátìrì ẹ̀ kì í pẹ́. Ìyàwó kékeré yìí máa ń jẹun gan-an."

"Má pè é ní ìyàwó mọ́ láé!" Mákánjú jágbe mọ́ ọn, àwọn tó ń kọjá sì yíjú wò wọ́n.

Ní àárọ̀ Sátidé, Sewanu ń gbálẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Ọjọ́ méjì nìyẹn tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ wà létí omi, ó ń fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó fà á lẹ́ẹ̀kíní, ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, kò jí. Bàbá bínú, ó na ìka sí i:

"Asì ṣie, o ti sú mi! O ti darúgbó, ariwo ẹ pọ̀, o wúwo, èjìká mi ti kú tán! Jẹ́ kí n rí kékeré kan tó fẹ́ẹ́rẹ́, wàá rí i bí mo ṣe máa..."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Sewanu.

"Bàbá. Ẹ tún un sọ."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ tún un sọ, jọ̀ọ́! Ẹ ní ìyàwó yín wúwo. Ẹ ní ariwo ẹ̀ pọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú kékeré kan wá. Ó dáa, níbo ni obìnrin náà wà, ká lọ bẹ̀ ẹ́?"

Sagbo wo ẹ́ńjìnnì. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹ̀bá ọkọ̀.

"Ọmọ yẹn wo ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ yẹn," ló wí níkẹyìn. "Mo rí i tó wò ó. Kí ló dé tí kò sọ ọ́?"

Sewanu ti wà nínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ ń gbá omi bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mákánjú wà ní bèbè, ó dojú bolẹ̀ lórí yanrìn. Ó ń tan ara rẹ̀ jẹ pé ẹyẹ lòun wá wò, pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Sewanu rí kámẹ́rà kékeré náà lójú rẹ̀. Ó rí ìka rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ ìyá kan dúró lẹ́nu ihò, ẹja lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ na ọrùn jáde. Kò sí èyí tó yíjú. Sewanu ò mí títí ìyá ẹyẹ náà fi fún wọn lóúnjẹ tán.

"O ti gbé e wá," ló sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mákánjú ò gbórí sókè. "O pè mí ní òpùrọ́."

"Mi ò pè ẹ́."

"O dákẹ́. Wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́ lójú ẹ, o sì dákẹ́. Sewanu, ó dùn mí."

"Ó dun èmi náà! Ìwọ lo mọ ohun tójú Àǹtí Suwebat rí, o wá lọ ń fi ìyáálé ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wò ó pé obìnrin kan wà ní Èkìtì tó ń dáná dè ẹ́. Mo tiẹ̀ ti ń káàánú ẹ̀!"

Ẹ̀rín fẹ́ gbọ̀n Mákánjú, ó gbé e mì. Ó ti kọ́gbọ́n.

"Ẹ̀fẹ̀ yẹn ò dáa," ló wí. "Mi ò ní ṣe é mọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ ti ẹ́ńjìnnì Bàbá? Ò bá pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́."

"Nínú ilé ẹ̀? Lójú ọmọ ẹ̀? Ọkùnrin tí mo fẹ́ máa pè ní bàbá, ṣé kí n wá bọ́ ọ síhòòhò kí èmi lè jàre?"

Sewanu wá jókòó tì í lórí yanrìn. Omijé ń bọ̀, kò nù ún.

"Máa pè é ní bàbá kẹ̀?"

"O gbọ́ mi." Mákánjú gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó mú ọwọ́ rẹ̀ tó tutù fún omi. "Gbogbo èyí tí mo ń wá kiri, mo ní kámẹ́rà kejì ni mò ń wá. Irọ́ ni. Ìkejì mi ni mò ń wá, ó sì ti na àjẹ̀ sí mi láti ọjọ́ kìíní. Sewanu, fẹ́ mi."

"O ń kánjú," ló wí, àmọ́ kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà. "Rọra. Máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹyẹ ń wò ẹ́."

"Fẹ́ mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni."

Nígbà tí àwọn ará Èkìtì wá tọrọ ìyàwó, Sagbo fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, "Mì kuabọ! Mì kuabọ!", ó sì ní àga kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí. "Ti ìyáálé ni," ló wí. "Ẹ gbé e wá kí n rí i." Mákánjú gbé kámẹ́rà àtijọ́ náà sórí àga. Sagbo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó gbé e wò. "Lóòótọ́, ó wúwo," ló wí, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá dojú kọ Mákánjú. "Ọmọ mi, o bo àṣírí mi, èmi sì fẹ́ tú tìrẹ lójú ayé. Má bínú."

Suwebat ò tètè rẹ́rìn-ín. Ó ti béèrè lọ́wọ́ ìyá Mákánjú lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ọmọ rẹ̀ ní ìyàwó nílé, ó sì ti wo ojú ìyá náà bó ti ń dáhùn. Mi ò bá a wí. Lẹ́yìn náà ló bu omi tútù, ó gbé e fún ìyá ọkọ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó tún fún àlejò láti òkè lómi.

Babátúnjí gbé kámẹ́rà kékeré jáde láti ya àwòrán. Sewanu nawọ́ dá a dúró.

"Èyí tí kì í pariwo kọ́," ló wí. "Ti ẹyẹ lèyí. Ẹ fi ìyáálé yà wá. Lónìí, mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀sà gbọ́."

Mákánjú dì í mú. Babátúnjí tẹ̀ ẹ́: krà-krà-krà-krà-krà! Lẹ́yìn ilé, lékèélékèé tó wà lórí igi àgbọn gbéra pọ̀, wọ́n sì lọ. Sewanu gbójú sókè wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, kò bínú rárá.